Ta Ni Ó Fún Ta Ní Ẹ̀bùn?

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń bá ọjà ọdún jà ní Igbudu àti ní Pessu, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ń ṣírò owó oṣù tí yóò gbé yín dé ìparí Janúárì, gbogbo wa ni a mọ̀ pé Disẹ́ńbà kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bi ara wa léèrè: bí a bá fún aláìní ní nǹkan, tí a kò sì fún un ní ààyè láti fún wa ní nǹkan, ǹjẹ́ àánú wa pé bí?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, iṣẹ́ mẹ́ta ni a tò sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní òwúrọ̀, àwọn ará ìjọ pín ìrẹsì, iyọ̀ àti ọṣẹ fún àwọn opó àti arúgbó àdúgbò wa. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ fún wàhálà rẹ̀. Ní ọ̀sán, a kó àwọn ọmọdé jọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àtíbàbà Kérésìmesì. Ní ìrọ̀lẹ́, àríyá ọdún ni. Ẹni tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ní àga.

Ìyá arúgbó kan, ọmọ Urhobo, wà nínú àwọn tí ó gba ìrẹsì ní òwúrọ̀. Ó dúpẹ́, ó dojú bolẹ̀, ó sì lọ. A rò pé ó parí. Ní ọ̀sán ó ń kọjá, ó rí i pé imọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń dì, ń tú ni. Ó fi Píjìn bi wọ́n pé ta ni ó kọ́ wọn ní irú ìdì bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó sì fi hàn wọ́n bí a ti ń ya imọ̀, bí a ti ń ká a, àti bí a ti ń so ó. Kò pẹ́ tí àtíbàbà fi dúró ṣinṣin. Ojú tí ó wálẹ̀ ní òwúrọ̀ ti gbé sókè. Ẹni tí a ṣàánú fún ti di olùkọ́ àwọn ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí a ń to àga, kò sí ẹni tí ó wí fún un pé, "Mama, ẹ dúró bá wa jẹun." A ti ka àga, a ti ka àwo. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Abẹ́ àtíbàbà tí ó kọ́ ni a jókòó sí, tí a jẹ, tí a mu. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó ṣẹ̀, àwa ni.

Ẹnì kan lè wí pé owó kò tó, àga kò tó, àti pé àwa tí a jìnnà sí ilé ni àríyá náà wà fún. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ti ń fi Píjìn tajà láti Janúárì, ó yẹ kí ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, kí ó sì jó sí ìlù ilé. A kò dá àríyá lẹ́bi. Ògiri tí a mọ sí àárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni a ń dá lẹ́bi.

Ògiri náà ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí a ń pè ní Bọ́síńdè, ni àwọn ọ̀gá máa ń fi àpótí ẹ̀bùn fún ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn. Òfin sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀ ní 1871, àwa náà sì ń sinmi ní ọjọ́ náà títí di òní. Ẹ̀bùn dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún gan-an, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó jókòó nídìí tábìlì.

Ẹ wo Dọ́káàsì ará Jópà, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 9, sọ fún wa pé nígbà tí ó kú, àwọn opó ń sọkún, wọ́n ń fi aṣọ tí ó rán hàn, èyí tí ó rán nígbà tí ó ń bẹ láàrin wọn. Láàrin wọn ni ó wà. Bí ó bá ṣe pé ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń na aṣọ sí wọn, ta ni ìbá sọkún tó bẹ́ẹ̀?

Àwa ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Àlejò ni wá láàrin àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ijaw. A mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí a bu oúnjẹ fún lẹ́nu ọ̀nà, àti ẹni tí a pè wọlé, tí a gbé sítáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn ka iwájú rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní Warri ní 1997 àti ní 2003, nígbà tí ìjà ẹ̀yà da ìlú rú, mọ̀ pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn aládùúgbò tí a ti jọ jẹun rí ni ènìyàn máa ń kàn.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọn kò sọ pé ọwọ́ kan ni yóò máa fúnni, tí èkejì yóò máa tẹ́wọ́ títí láé. Nítorí náà, ní ọdún yìí, ẹni tí ó bá gbé ẹ̀bùn lọ, kí ó béèrè iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹni náà mọ̀ tí ó lè kọ́ wa. Kí a fi àga díẹ̀ sílẹ̀ láìta tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Bí ojú bá ń ti àwọn tí a pè, kí a lọ mú wọn wá.

A ti lọ bẹ ìyá náà nílé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tọ́ sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní bí ọdún bá dé, òun yóò wá. Ṣùgbọ́n kí a má tún kó imọ̀ gbígbẹ fún àwọn ọmọ.