Mímọ̀ Pé Ohun Kan Wà Kí A Tó Rí I

Bí a bá mú etí irin pẹlẹbẹ kan gbóná, tí a sì mọ bí ooru ti pọ̀ tó yíká etí náà, kò sí ẹni tí yóò ṣiyèméjì pé, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, inú irin náà yóò ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ níbi gbogbo, nítorí irin ń bẹ níwájú wa. Ṣùgbọ́n ìdọ́gba tí onímọ̀ ìṣirò kọ sórí tákàdá láti dúró fún irin kì í ṣe irin. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò ní ìdáhùn rárá. Ǹjẹ́ ọmọ ènìyàn lè mọ̀ dájúdájú pé ìdáhùn wà, nígbà tí kò tíì rí i, tí kò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà rí i? Mo gbà pé ó lè mọ̀ ọ́n.

Bernhard Riemann, ọmọ àlùfáà ìjọ Luther, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Jámánì, rò ní 1851 pé ọ̀ràn irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ kò le: a lè fi nọ́ńbà kan wọn gbágungbàgun gbogbo ohun tó bá etí mu, nọ́ńbà náà kò lè rẹlẹ̀ ju òdo lọ, nítorí náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí tirẹ̀ kéré jù, òun ni ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ̀ ọ́n gún, tí a mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó, iyán ewùrà kì í ṣàì lẹ́mọ. Ní 1870, tí Riemann ti di ará ọ̀run, Karl Weierstrass fi hàn ní Berlin pé ohun tí kò lè kọjá ìsàlẹ̀ kan lè má fẹsẹ̀ kan ìsàlẹ̀ náà láé: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n ń sún mọ́ òdo, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó jẹ́ òdo nínú wọn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọjá kí David Hilbert tó tún ẹ̀rí náà ṣe.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Irin mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí ó ti ń gbóná sí i ni bí ó ṣe ń gbé ooru ń yí padà, débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn kí ó tó lè kọ ìbéèrè náà tán. Irú ọ̀ràn yìí ni Jean Leray, ará Faransé, àti Juliusz Schauder, ọmọ Júù ará Lwów tí àwọn Násì gbẹ̀mí rẹ̀ ní 1943, dojú kọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1934. Wọ́n mú ìṣirò tó rọrùn, tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di èyí tó le. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti tọ́, ewu tó kù ni kí ìdáhùn wú láìní gbèdéke, kí ó sì sọnù lójú ọ̀nà. Nítorí náà wọ́n béèrè pé: bí ìdáhùn bá wà, báwo ni ó ṣe lè tóbi tó? Ẹni tó bá fi hàn pé kò sí èyí tó lè kọjá ààlà kan ti fi hàn pé ìdáhùn wà. Ẹ wo ìjìnlẹ̀ yìí: a wọn ohun tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó wà, ìwọ̀n náà gan-an ni ó sì jẹ́rìí wíwà rẹ̀.

Èmi kò sọ pé a lè fi èyí wọn Olódùmarè, Ọba àìrí, Atẹ́rẹrẹ-káyé. Ẹlẹ́dàá kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ohun tí ojú rí nìkan ló wà ní láti dá àwọn ọkùnrin méjì yìí lóhùn. L. E. J. Brouwer, ará Netherlands, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé, ti lòdì sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ohun kan wà bí kò bá lè fi ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ hàn. Mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò sì lè tẹ̀lé e dópin. Kọ̀ǹpútà òde òní lè máa tú nọ́ńbà jáde, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dára ju èyí tó ṣáájú lọ, kí gbogbo wọn sì máa sún mọ́ ohun tí kò sí. Ẹ̀rí pé ìdáhùn wà ni ó ń jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í mọ̀ pé iṣẹ́ òun ní ibi tí ó ń lọ.