Ìṣẹ̀dá Tó Ṣì Ń Lọ
Yìnyín kọ́ ló gbẹ́ àwọn òkè àpáta ìlú Ọ̀sì àti Ìlọ́fà nílẹ̀ Yorùbá, bí pẹpẹ yìnyín, èyíinì ni omi dídì tó nípọn tó ń fi ìwúwo ara rẹ̀ wọ́ lórí ilẹ̀, ṣe gbẹ́ àríwá Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ wọn dì nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti oòrùn tó jẹ ohun tó bò wọ́n kúrò, tí àgbàrá sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sí àfonífojì. Ní ti bí ilẹ̀ ṣe kọ́kọ́ wà, ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ sọ pé adìyẹ oníka ẹsẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká orí omi. Ṣé iṣẹ́ náà wá parí lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tó bá ní Olódùmarè ṣì ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ òjò àti àgbàrá kò tako ìtàn náà rárá, nítorí ẹ̀dá ni ìtàn fúnra rẹ̀ fi títan ilẹ̀ lé lọ́wọ́.