Ṣé Ìtọ́jú Ló Ń Sọ Nǹkan Di Tẹni?

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì mú mi lọ sí British Museum. Ibẹ̀ ni mo ti rí orí idẹ kan tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Inú gíláàsì ló wà, ilà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, adé sì wà lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wọ́n mà tọ́jú ẹ̀ o!” Ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí ìwé tí mo ń lẹ sítáǹbù sí ní kékeré.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo máa ń gé igun àpò lẹ́tà tí sítáǹbù wà, màá rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi ṣí, màá sá a, màá sì lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé mi. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi yìí dé láti Lọ́ńdọ̀nù. N kò tọrọ rárá. Mo gé igun àpò rẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé tuntun tí wọ́n kó lọ sí. Omi ti fọ yíǹkì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ fèsì, wọ́n wo sítáǹbù náà títí, wọ́n ní, “Àlàbí, ó rẹwà lóòótọ́. Ibo ni kí n wá kọ̀wé sí?” Oṣù mẹ́rin kọjá kí lẹ́tà mìíràn tó dé. Bẹ́ẹ̀, mo tọ́jú sítáǹbù náà bí ẹyin.

Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ àgbàsìn a máa gba èrè rẹ̀ nínú ọmọ tí ewúrẹ́ bá bí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ pé òun ló ni ìyá ewúrẹ́. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wa tọ́jú nǹkan, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò sọ ọ́ di olóhun.

Ẹnì kan lè ní rírà ni wọ́n rà á. Ní ọdún 1938 ni wọ́n kan àwọn orí idẹ náà nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀. Nígbà tó fi di 1939, ọ̀kan ti di ti British Museum. Ṣùgbọ́n William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, náà ra méjì. Ní ọdún 1950, ó dá méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Òun náà sanwó, síbẹ̀ ó mọ̀ pé wọ́n ní ilé.

Nígbà tí mo padà délé, mo yọ sítáǹbù yẹn, mo gbé e fún ìyá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sínú àpò lẹ́tà tí mo gé nígun, tí wọ́n ṣì fi pa mọ́. Àyè rẹ̀ ṣófo nínú ìwé mi. N kò fi òmíràn dí i, kí àwọn ọmọ mi lè bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.