Ẹ̀ka Gbígbẹ Lórí Òrùlé Aládùúgbò: Ta Ló Yẹ Kó Gé E?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ojúde wa, ṣùgbọ́n ó ti da àárín ọ̀pọ̀ aládùúgbò rú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi tó ti gbẹ, tí kò tíì wó, ni.

Bí ẹ bá rìn láti Òkè-Balógun dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ wa yìí, agbára káká ni ẹ ó fi rí agbo-ilé tí kò ní igi kan nítòsí: bí kì í bá ṣe máńgòrò, á jẹ́ fúrúùtù, tàbí àgbọn, tàbí dóńgóyárò. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń tún ẹja ṣe, ibẹ̀ ni a ti ń dirun, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Bí ẹ̀ka kan bá gbẹ lórí irú igi bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Onígi á ní, “Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó wá gé e.” Aládùúgbò á ní, “Èmi kọ́ ni mo gbìn ín.” Báyìí ni òjò kan á rọ̀, òjò kejì á rọ̀, ẹ̀ka náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè wa nìyí: bí atẹ́gùn bá ṣẹ́ ẹ̀ka náà, tó sì ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, ǹjẹ́ a lè dá onígi lẹ́bi? Òun kọ́ ló ju ẹ̀ka, atẹ́gùn ló jù ú. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

A kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdáhùn yẹn. Òótọ́ ni pé igi tí ènìyàn ń tọ́jú pàápàá lè wó. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 2012, ìjì ńlá kan jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ṣí òrùlé, ó wó igi, ẹ̀mí sì ṣòfò. Igi Agia ní Àgbádárìgì, tí Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, wó ní 1959. Igi àràbà ńlá tí a fi ń mọ ìlú Freetown náà wó nínú ìjì ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Igi tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wó. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo ẹni tí igi rẹ̀ bá wó ló jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí ojú kò rí àti ohun tí ojú rí tí ẹnu dákẹ́ lé lórí. Ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ tutù, bí ó bá já, a lè ní ìjì ló já a. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí òjò ọdún méjì rọ̀ sí tí kò rúwé, tí èèpo rẹ̀ ń bó, tí olú ń hù lára rẹ̀, kò sí ohun tó fara sin nípa tirẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí a bá ti wò ó láti òkèèrè, tí a rí i, tí a sì káwọ́ gbera, atẹ́gùn nìkan kọ́ ló ṣe é mọ́. Nínú òfin Mósè, ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́. Ẹni tó jábọ́ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, síbẹ̀ ọwọ́ onílé ni a ti ń béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tiwa, ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ nítorí ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé: opó tí agbára káká ni ó fi ń rí owó oúnjẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ tó ti sùn ló gbin máńgòrò yẹn, owó àwọn tó ń gé igi kò sì kéré. Ṣé a máa dá a lẹ́bi nítorí pé kò ní? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo wa là ń jókòó sí ìbòòji igi náà lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ wa ló ń ṣa máńgòrò rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ nínú èso igi, kò yẹ kó sọ pé òun kò mọ igi náà rí nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ bá gbẹ. Bí onígi kò bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Bí aládùúgbò bá ń wò ó lójoojúmọ́ tí kò kanlẹ̀kùn, ẹ̀bi tirẹ̀ náà ni. Bí ó bá jẹ́ owó ni kò sí, kí agbo-ilé dá a jọ.

Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, aládùúgbò lè gé ẹ̀ka tó bá ré kọjá sínú ilẹ̀ rẹ̀, títí dé ààlà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó gé àti èso orí rẹ̀, ti onígi ni. Òfin náà dára, àmọ́ ẹni tó bá yọ àdá láàárọ̀ láìsọ fún ìyá àgbà lè jàre ní kóòtù kó sì pàdánù aládùúgbò. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, “Ìyá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀ka òkè yìí ń bà wá lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká jọ wá nǹkan ṣe sí i.”

Ẹnìkan tún wà tí a máa ń gbàgbé: ọmọkùnrin tí a ní kó gun igi. Bí ó bá gba owó táṣẹ́rẹ́, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnìkan lòun náà, kò sì tọ́ kí a fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ilé wa. Ẹ̀ka gbígbẹ kò ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ibi tó yè, á so ẹ̀ka náà kó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ ẹ díẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó rẹ́ ẹ láti òkè, kí èèpo má baà ya mọ́ ara igi. Á sì parí gígé rẹ̀ ní ìta ibi tó wú díẹ̀ ní ìdí ẹ̀ka, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná ni kí ẹ ké sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

Àwọn kan á ní kí a kúkú gé gbogbo igi náà lulẹ̀ kí ara tù wá. Ìyẹn náà kò tọ́. Ẹ̀ka ló kú, igi kò kú. Òfin Mósè yìí kan náà kò gba àwọn ọmọ ogun láyè láti fi àáké gé igi eléso, bí wọ́n tilẹ̀ dó ti ìlú ọ̀tá. Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14, oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn, àjọ LASPARK tí òfin 2011 dá sílẹ̀ ni a sì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gé igi lulẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù wa jáde sí àgbàlá, kó gbójú sókè. Bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà lórí igi yín, ẹ má dákẹ́. Bí ó bá wà lórí igi ẹlòmíràn, ẹ lọ kanlẹ̀kùn. Bí owó ló bá jẹ́ ìdíwọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, kí a jọ gbé e.