Ọkọ̀ Àwọn Òtòṣì

Ní Koko, ẹni tó bá lọ́kọ̀ ojú omi ní láti wí tẹnu rẹ̀. Ará ilẹ̀ òkè ni wá níhìn-ín, ní apá Bantè nílẹ̀ Benin: iṣu là ń gbìn, ẹ̀gẹ́ là ń wà, kajú là ń ṣà. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, tí a jókòó ka ohun tó fi sílẹ̀, ọkọ̀ pákó gbọọrọ kan wà nínú rẹ̀, tòun ti ẹ́ńjìnì Yamaha rẹ̀. Èbúté Calavi ló wà, ó sì lé ní 200 kìlómítà síbi tí a jókòó sí.

Kò fowó rà á. Gàrí ló ń tà nígbà ayé rẹ̀. Ó máa ń ra gàrí sohui, gàrí kíkúnná tí Savalou fi lókìkí, a kó o lọ fún àwọn obìnrin Tofin tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e wọ Ganvié, ìlú orí omi. Òwò àwìn ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1994, wọ́n gé owó sẹfá sí méjì: owó Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹfá lálẹ́ di 100 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ mi ní owó díẹ̀ nínú àpótí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò gba owó gbọ́ mọ́. Nǹkan tó bá ṣeé fọwọ́ kàn ló ń wá kiri. Nígbà tó wá di pé oníbàárà rẹ̀ kan kò rí gbèsè san, tó ní kó gba ọkọ̀ òun, ńṣe ló gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wẹ̀! Ó gbé e fún atukọ̀ kan, ọmọ Tofin, pé kó máa fi kó èrò àti ẹrù, kí wọ́n jọ máa pín ohun tó bá wọlé.

Kí ọkọ mi tó kú, àìsàn ti gba oko kajú kan lọ́wọ́ wa. Èyí tó kù, ọjà rẹ̀ ti yí padà. Ìjọba ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe 2024, kajú tí a kò tíì fọ́ kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ Benin mọ́, kí ó máa lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nílé, bíi ti Glo-Djigbé. Ó lè dára fún orílẹ̀-èdè, n kò bá wọn jiyàn. Èmi ń sọ ti ẹni tó gbé àpò kajú kalẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀nà. Ọmọ márùn-ún ni mo ní. Èyí àgbà wà ní yunifásítì ní Calavi. Àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di báírò mú ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, “Ìyá Ràfíù, tà á jàre. Kí ni obìnrin Koko fẹ́ fi ọkọ̀ odò ṣe?” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná. Àlùfáà kan wá kí mi lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n má tà á. Kí n fi ṣe sàráà fún òkú ni, kí mọ́sálásí máa gba owó tó bá ń pa wọlé, nítorí pé bí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ gé, àfi sàráà tó ń ṣàn lọ àti ohun díẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó wọ̀ mí lára. Obìnrin wo ni kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa rí nǹkan gbà níbi tó wà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ́ ará Savalou tó sì di ọmọ ìjọ Àgùdà, gbè sẹ́yìn àlùfáà, ohun tí n kò rí rí nìyẹn. Ó ní Símónì Pétérù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí omi, wọ́n tẹ̀ lé Jésù, ebi kò sì pa wọ́n kú. Mo ní kó ka ìwé náà dé òpin. Lẹ́yìn ikú Jésù, ṣebí Pétérù yìí kan náà ló ní òun ń lọ pẹja, tí àwọn yòókù sì bá a wọnú ọkọ̀? Wọn kò tà á, wọn kò fi tọrẹ. Ìwé Máàkù tilẹ̀ sọ pé nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù ń lọ, bàbá wọn Sébédè jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn alágbàṣe. Ẹni tó ní Sébédè lẹ́yìn lè fi ọkọ̀ sílẹ̀. Sébédè tèmi ti wọlẹ̀.

Ẹlòmíràn, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní kí n lọ sí ojúbọ Dankoli. Ẹni tó ń ná ọ̀nà Savalou sí Bantè mọ ibẹ̀. Wọ́n ń kan èèkàn mọ́ ọn, wọ́n ń da epo lé e, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ọtí sódabì sí i, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn óò mú wá bó bá ṣẹ. Mùsùlùmí ni mí, n kò lọ. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ní Dankoli, ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ba ohun tí o ń wá lo tó ń san. Lọ́dọ̀ àlùfáà wa, mo ní láti kọ́kọ́ san ná.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ka Súrà al-Kahf, ìkejìdínlógún nínú Àlùkùránì, ẹnu àlùfáà yìí gan-an ni mo sì ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ànábì Músá ń tẹ̀ lé ọkùnrin kan tí Ọlọ́run fún ní ìmọ̀; Kidiri ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n wọ ọkọ̀, ọkùnrin náà sì dá ihò sí i. Inú bí Músá. Ìgbẹ̀yìn ni ó tó gbọ́ pé àwọn òtòṣì tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi ló ni ọkọ̀ náà, àti pé ọba kan wà níwájú tó ń fi agbára gba gbogbo ọkọ̀ tó bá dára. Ọkùnrin náà bà á jẹ́ kí ó lè ṣẹ́ kù fún àwọn tó ni ín.

Lọ́mọdé, ihò yẹn ló máa ń yà mí lẹ́nu. Nísinsìnyí, àwọn òtòṣì náà ni mo ń wò. Wọ́n lọ́kọ̀, Ọlọ́run sì pè wọ́n ní òtòṣì. Àwọn onímọ̀ ti fi gbólóhùn yìí jiyàn tipẹ́. Ọmọlẹ́yìn Imọ́ọ̀mù Ṣáfíì ní ó fi hàn pé òtòṣì sàn díẹ̀ ju aláìní lọ, nítorí pé òtòṣì lè ní ọkọ̀. Ti Imọ́ọ̀mù Máliki, tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ jù nínú wọn, yí i padà, wọ́n ní òtòṣì gan-an ni kò ní nǹkan kan. Bó ti wù kó rí, níbi tó kàn mí, wọ́n pàdé: ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́ ọ tán lè gba sàká, kò dìgbà tó bá tà á. Mo sọ fún àlùfáà pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mọ́sálásí ló yẹ kó fún mi ní nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. Kò fún mi.

Ọba tó ń gba ọkọ̀ kò ṣòro fún ará ibí láti mọ̀. Nígbà tí ogun Dahomey ń kó ènìyàn, àwọn bàbá wa gun òkè. Àwọn Tofin bọ́ sórí omi Nokoué, ibẹ̀ sì ni Ganvié wà títí dòní. Ọkọ̀ ni wọ́n fi là. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn dúró bi ara rẹ̀ bóyá kí òun fi ṣe sàráà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn Músá parí sí ni mo fẹ́ kí àlùfáà dúró sí. Wọ́n dé ìlú kan tí wọn kò ti fún wọn lóúnjẹ. Ògiri kan fẹ́ wó níbẹ̀, ọkùnrin náà sì tún un mọ láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ òrukàn méjì ló ni ín. Ìṣúra wọn wà lábẹ́ rẹ̀, ènìyàn rere sì ni bàbá wọn. Ó tún un mọ kí ohun wọn lè wà ní ìpamọ́ títí wọn óò fi dàgbà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òtòṣì àti ọ̀rọ̀ ẹrù ọmọ òrukàn, inú ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n wà, Jímọ̀ dé Jímọ̀ ni a sì ń kà á kọjá.

Ta wá ló ni ọkọ̀ tí gbogbo wa ń jà lé lórí? A ti san gbèsè òkú. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tèmi. Ìyókù jẹ́ ti ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta, kí ọkùnrin kan gba ìpín obìnrin méjì. Bí ọkọ̀ bá tó 800,000 sẹfá, tèmi 100,000, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 200,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 100,000. Níbi tí ọmọkùnrin bá wà, ẹ̀gbọ́n òkú kò ní ìpín. Kò dùn mọ́ wọn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Òfin ìdílé ti ilẹ̀ Benin, ti 24 oṣù Ògún 2004, ní ọ̀nà ìpín tirẹ̀, òun náà sì rántí opó. Nínú ìwé àṣà tí àwọn Faransé kọ ní 1931, obìnrin gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń jogún.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí n fi ọkọ̀ ṣe sàráà, owó ọmọ ló ní kí n fi ṣàánú. Ìyá kò láṣẹ bẹ́ẹ̀, lèmọ́mù kò ní in. Àlùkùránì sọ̀rọ̀ iná sí ẹni tó bá jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn, n kò sì rí ibi tó ti yọ mọ́sálásí sílẹ̀. Ọmọ mi àgbà nìkan ló ti tó láti fi tirẹ̀ tọrẹ. A bojú wò ó. Ó ní, “Ìyá, ẹ má wò mí o. Owó ilé mi ní Calavi ni.”

Ọkọ̀ kò sì ṣeé gé pín. Títà ló kù, kò sì tán síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní Kútọnu fẹ́ san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ máa fi kó bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo lóru. Lẹ́yìn iná Sèmè-Kraké ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023, níbi tí ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n ti jóná nítorí bẹntiróòlù yìí, n kò lè gba owó yẹn kí n sùn. Atukọ̀ wa fẹ́ san iye kan náà, díẹ̀díẹ̀. Òun ló mọ ibi tí ọkọ̀ ń jò. Bí mo bá tà á fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tà á fún un, a kọ ìwé, ó tẹ̀ka. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ san, tèmi ni ìkẹyìn.

Ìdí tí mo fi fi tèmi sẹ́yìn ni pé Súrà al-Baqara ní kí a dúró de ajigbèsè tí ara ń ni, ó sì ní bí a bá fi jì í, ó tún dára jù. Sàráà tó wà níkàáwọ́ mi nìyẹn, 100,000 péré. Síbẹ̀ ó ń rú mi lójú. Bí ọkùnrin náà kò bá rí i san, tí mo sì ní kó máa lọ, kí ni mo fún un? Ohun tí n kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àlùfáà ní bí mo bá fẹ́ kó jẹ́ sàráà lóòótọ́, kí n sọ fún un lónìí, nígbà tí mo ṣì nílò owó náà, tí ó sì ń dùn mí. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ níbẹ̀. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ lónìí, atukọ̀ yóò rò pé n kò le koko, owó ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ó ní n kò gba ènìyàn gbọ́. Mo ní owó ọmọ òrukàn kọ́ ni n óò fi dán ènìyàn wò.

Ó ti mú owó àkọ́kọ́ wá. Owó ilé ìwé ló bá lọ, mo sì kọ iye tí mo ná fún ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀ nínú káyé.