Sinimá, Ìwé àti Ojú Àgbákò

Bí àwọn ènìyàn bá wo sinimá tí a yọ láti inú ìwé tí wọ́n ti kà rí, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Wọ́n ti ba ìwé náà jẹ́." Mo ti gbọ́ ọ ní Ọ̀yọ́, mo ti gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ nílùú Òyìnbó pẹ̀lú. Ẹ̀sùn ńlá ni. Ẹni tó bá sì fẹ̀sùn ìbàjẹ́ kan ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó bàjẹ́ gan-an, kí ó sì sọ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ yẹ̀ wò. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde. Ọ̀yọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's, ni D. O. Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé àwa ará ìlú yìí kò yé fi ìwé náà yangàn bí ẹni pé àwa la kọ ọ́. Nínú rẹ̀, ojú mẹ́rìndínlógún ni Àgbákò ní. Gbogbo wa la kà á bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ n kò tí ì rí ènìyàn méjì tí Àgbákò tiwọn bára mu. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ga bí igi àràbà. Tèmi kúrú, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́, ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí i. Ṣùgbọ́n àwòrán inú ìwé kì í rìn, kì í sì í sọ̀rọ̀, ó ṣì fi àyè sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá fi Àgbákò sínú fíìmù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ láti fún ẹnikẹ́ni. Yóò mú òṣèré kan, yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò lẹ ojú mọ́ ọn lórí, ojú tó lẹ̀ náà ni gbogbo ayé yóò sì máa rí láti ọjọ́ náà lọ. Ọmọ tó bá ti wo fíìmù náà kí ó tó ka ìwé kò ní ní Àgbákò tirẹ̀ láéláé.

Àdánù kìíní nìyí, n kò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n n kò lè pè é ní ìbàjẹ́, nítorí ìtàn ti ń yí padà lẹ́nu wa kí ìwé tó dé. Ẹ wo ìtàn Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Wọ́n ní ó wà ní àhámọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da ìlú láàmú. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, ó lọ, ó sì gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wá fún Aláàfin. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú náà ti wá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu arọ́kin ní Ọ̀yọ́, ọgbọ́n Aláàfin ló máa ń tàn jù níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọfà Ògúnlọlá ni. Kò sẹ́ni tó pe èkejì ní òpùrọ́. Kí ló dé tí a ó fi gba ẹni tó ń fi ẹnu rò ó láàyè láti yí i, tí a kò ní gba ẹni tó ń fi kámẹ́rà rò ó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le sí mi ni Lánke Ọ̀mùtí. Orí ìtàgé ni, kì í ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ìbéèrè rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, láti inú ìwé tí Àmọ́s Tútùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Nínú ìwé, ọ̀mùtí lọ sí ìlú àwọn òkú lóòótọ́, ó padà pẹ̀lú ẹyin tó ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ẹyin náà fọ́, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pàṣán ló sì ń jáde láti inú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Lọ́wọ́ Ògúnmọ́lá, ọ̀mùtí sùn lọ, ó sì jí: àlá ni gbogbo rẹ̀. Eré náà dùn, orin rẹ̀ sì wọ ìlú. Síbẹ̀ mo ka àyípadà yìí sí èyí tó wúwo jù lọ tí ènìyàn lè ṣe. Bí a bá fi Lánke ga, bí a bá fi í kúrú, òun náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ó lálàá, a ti gba ìrìn-àjò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jìyà, kò pàdánù, kò sì sí ìdí tí àwa náà yóò fi bẹ̀rù ikú ju bí a ṣe bẹ̀rù rẹ̀ kí a tó wọlé wòran lọ. Mo rò pé Ògúnmọ́lá fẹ́ kí àwọn tó wá wòran rẹ́rìn-ín lọ sílé, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìwé Tolkien, tí Peter Jackson sọ di fíìmù mẹ́ta láàárín 2001 sí 2003. Nínú ìwé, àwọn kúkúrú ènìyàn tó lọ sógun délé, wọ́n bá ìlú wọn ní bíbàjẹ́, wọ́n sì tún ní láti jà. Fíìmù yọ ìyẹn kúrò: wọ́n délé, ilé wà bí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ènìyàn lè ní àkókò ni kò tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn fíìmù náà gùn tó láti rí àyè fún un bí wọ́n bá fẹ́.

Nígbà mìíràn, àkọlé nìkan ti tó láti fi àyípadà hàn. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969. Ọlá Balógun darí fíìmù rẹ̀ ní 1979, Adéyẹmí Afọlayan ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Ìjà Òmìnira. Àkọlé ìwé ń béèrè ọmọ ta ni ọ́. Ti fíìmù ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ló ń pèrò sí sinimá, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ìrora ìtàn náà wà.

Olókùn Ẹṣin gidi kan sì wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí aláṣẹ Òyìnbó dí lọ́wọ́ ní 1945 kí ó má bàa bá Aláàfin Ládìgbòlù lọ, tí ọmọ rẹ̀ fi kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ sọ ọ́ di eré, Ọba Wàjà, ní 1964. Ṣóyínká kọ tirẹ̀ ní 1975. Bíyí Bándélé sì sọ ti Ṣóyínká di fíìmù ní 2022. Ọmọ náà di oríṣiríṣi ènìyàn lọ́wọ́ wọn; ti Ṣóyínká ń kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú Òyìnbó. Kò sẹ́ni tí yóò sunkún bí a bá fi ojú kan kún ti Àgbákò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ládípọ̀ gbé eré tirẹ̀ jáde, ọdún mọ́kàndínlógún péré ló ti kọjá, àwọn tó mọ ọmọ náà lójúkojú ṣì ń ná ọjà ní Ọ̀yọ́.