Gígùn Ọ̀pá Ìbọn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé irin kò lẹ́bi, pé ọwọ́ tó di ìbọn mú ló ń ṣìkà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti alágbẹ̀dẹ nígbà tí ewìrì ń fẹ́ná, tí ọmọ owú ń sọ̀ sórí ọ̀pá tí yóò di ìbọn, yóò rí i pé kí ìbọn náà tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti pinnu ohun tí yóò wá fi ayé ṣe. Bí Àjàlá ti ń mọ orí fún ọmọ ènìyàn lọ́run, bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń yan ìpín fún irin, ibi tó bá sì ti gé ọ̀pá rẹ̀ ló ti yàn án. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ẹ̀tù tó gbiná nínú ọ̀pá gígùn a máa ti ọta títí dé ẹnu ìbọn, eré ọta a sì pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pá kúkúrú, púpọ̀ nínú agbára náà ni yóò tú dànù síta, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ lásán. Kí wá ni ẹni tó ní kí wọ́n gé ìbọn òun kúrú ń wá? Kì í ṣe agbára. Ohun tí yóò ṣeé fi pamọ́ ló ń wá.

Ọdẹ tó ń ti Òdìgbó bọ̀ wá sí Ọ̀rẹ̀, tó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, tí ẹnu ìbọn ga ju fìlà rẹ̀ lọ, ọmọ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú títì yóò ti òkèèrè rí i, yóò sì kí i pé, “Bàbá ọdẹ, àrìnpa o!” Ta ni yóò kí ẹni tó fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ agbádá? Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 mọ ìyàtọ̀ yìí: ó jẹ́ kí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà, ṣùgbọ́n ó ka ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀, títí kan èyí tó ń lo ẹ̀tù bíi ti ọdẹ, àfi bí Ààrẹ fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀tù kan náà ni, irin kan náà ni.

N kò sọ pé ìbọn gígùn mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá tí wọ́n sì dúró sí Ọ̀rẹ̀, ìbọn gígùn wà lára ohun tó pa àwọn tó kú níbẹ̀, ìjà náà sì le débi pé òun ni Yorùbá ṣì fi ń ṣàpèjúwe ohun tó bá le. Ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Síbẹ̀, ní Ọ̀rẹ̀ ọjọ́ náà, oníkálukú mọ ẹni tó dojú kọ òun.

Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, òrìṣà ẹ̀rí ni. Irin rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra nílé ẹjọ́ títí dòní, nítorí pé kò fara mọ́ irọ́. Báwo ni inú irú òrìṣà bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dùn sí irin tí a rọ láti fi bo àṣírí?

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ Òdìgbó àti Ọ̀rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbọn wá lóru, tó ní kí ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ẹ bi í níwájú Ògún ilé àgbẹ̀dẹ yín pé ta ló fẹ́ fi í pamọ́ fún. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe fọwọ́ kan irin náà.